Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Yan Aago Gogoro Àtijọ́ Sílé: Ẹ Wo Inú Kẹ́ Ẹ Tó Wo Ojú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá aago gogoro àtijọ́ tẹ́ ẹ máa gbé sí pálọ̀, grandfather clock yẹn tó ń dá dúró nílẹ̀ tó sì ga ju èèyàn lọ, ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ fa ọkàn yín kẹ́ ẹ tó wo inú rẹ̀. Nǹkan méjì lẹ̀ ń rà pa pọ̀ o: ẹ́ńjìnì tẹ́nì kan fi idẹ àti irin ṣe, àti àpótí tí káfíńtà kàn fún un. Bí méjèèjì bá ti jọ wà látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n, ohun iyebíye lẹ rí yẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì tibí ni wọ́n gbé sínú àpótí tọ̀hún, ó ṣì lè máa lọ dáadáa, ó ṣì lè rẹwà, àmọ́ kì í ṣe iye kan náà ló yẹ kẹ́ ẹ san, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ò sì ní la ẹnu sọ ọ́ tẹ́ ẹ ò bá bi wọ́n.

Ẹ wọn ilé kẹ́ ẹ tó lọ wo ọjà

Ẹ mú tépù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago yìí ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8, ìyẹn bíi mítà 1.8 sí 2.4, àwọn kan tún ní bọ́ọ̀lù idẹ tàbí ọnà onígi lórí tó fi kún gíga wọn, bẹ́ẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù tí àjà ibẹ̀ ga fíofío kì í jẹ́ kéèyàn fura, ó dìgbà tí wọ́n bá gbé e délé kó tó di pé kò wọlé. Kì í sì í ṣe àjà nìkan o, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, ẹ wọn kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn náà.

Apá òkè tó bo ojú aago, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní orí aago, iwájú ni wọ́n máa ń fà á sí kó tó yọ, torí náà ó gbọ́dọ̀ ní àyè níwájú. Àwọn kan lára èyí tí wọ́n ṣe kó tó di 1700, òkè ni wọ́n máa ń ti orí tiwọn sí, ìyẹn á tún fẹ́ àyè lókè.

Ẹ wo ilẹ̀ náà dáadáa. Ilẹ̀ tó le ló dáa jù, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn máa ń jẹ́ kí aago mì, ilẹ̀ onípákó tó máa ń mì téèyàn bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ò dáa. Ẹ tún wo pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi yí ẹsẹ̀ ògiri ká, torí á ti ìdí aago síwájú, á wá ku àlàfo láàárín ẹ̀yìn aago àti ògiri lókè, ẹ máa nílò igi kékeré tẹ́ ẹ máa fi dí àlàfo yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kàn án mọ́ ògiri.

Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn sí i tààrà, ó máa ń jẹ àwọ̀ pákó. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tàbí síbi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ lù ú, torí tí pákó bá gbẹ jù, ó máa ń sún kì, ó máa ń là, pákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ ro ti ariwo náà, torí gbogbo ìṣẹ́jú àáyá ló ń dún kọ́-kọ̀, gbogbo wákàtí ló sì ń lu agogo, tọ̀sán tòru. Tí yàrá ìbùsùn bá wà nítòsí, tí ẹnì kan nílé ò sì lè sùn nínú ariwo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ti jíròrò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ti ọjọ́ 8 àbí ti wákàtí 30

Ibí yìí ò gba àkókò. Aago ọjọ́ 8, ìyẹn èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 8 kẹ́ ẹ tó tún un yí, ní wéètì méjì, àwọn nǹkan wúwo tó so rọ̀ nínú àpótí tó ń fa ẹ́ńjìnì, ọ̀kan fún rírìn rẹ̀, ọ̀kan fún agogo tó ń lù, ihò kọ́kọ́rọ́ méjì á sì wà lójú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ yí i. Aago wákàtí 30 sábà máa ń ní wéètì kan ṣoṣo, okùn tàbí ṣéènì lẹ máa fà nínú àpótí lójoojúmọ́, kò sí ihò kọ́kọ́rọ́ lójú rẹ̀. Èyí tó bá ní wéètì mẹ́ta, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tó ń kọ orin ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Aago ọjọ́ 8 làwọn olówó ń rà nígbà náà, òun náà ló wọ́n jù dòní. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nígbà yẹn fi ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ irọ́ sójú aago wákàtí 30 kó lè jọ ti ọjọ́ 8, torí náà ẹ má fojú lásán gbà á, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ ka wéètì. Èmi ò kẹ́gàn aago wákàtí 30 o, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò le rárá, owó tó máa ń ná èèyàn láti tún un ṣe kéré, ẹni tó bá wà nílé lójoojúmọ́ tó fẹ́ ohun àtijọ́ gidi tówó ò sì tó, òun ni màá ní kó rà. Ẹni tó ń rìnrìn àjò káàkiri, ti ọjọ́ 8 ló bá a mu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí rẹ̀

Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe aago oní-pẹ́ńdúlọ̀mù àkọ́kọ́ ní 1656, pẹ́ńdúlọ̀mù ni ọ̀pá gígùn tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú aago. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1670, wọ́n ti rí irin kan tó rí bí ìdákọ̀ró ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin yìí ló ń dá wíìlì eléyín dúró tó tún ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ní eyín kọ̀ọ̀kan, òun ló sì jẹ́ kí pẹ́ńdúlọ̀mù gígùn máa fì díẹ̀díẹ̀ láì nílò àyè ńlá. Pẹ́ńdúlọ̀mù tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 99 á fì lọ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló fà á tí àpótí náà fi gùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe rí yẹn. Ẹni tó bá wá ń sọ fún yín pé aago gogoro òun ti wà láti 1620, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ.

Ojú aago ló rọrùn jù láti fi mọ ọjọ́ orí aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú onídẹ, tó ní òrùka funfun bíi fàdákà tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí, ni wọ́n ń lò títí di nǹkan bíi 1770. Láti 1772 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ojú onírin tí wọ́n kun lọ́dà funfun ní Birmingham, kò sì pẹ́ tó fi gbòde, torí ó rọrùn láti kà nínú yàrá tí iná ò pọ̀ tó. Ojú tó kéré, bí íńṣì 10, ti àwọn ọdún 1680 ni, íńṣì 12 ló wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1700 wọ́n ti ń ṣe íńṣì 13 sí 14. Èyí tí òkè ojú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ẹ̀yìn nǹkan bíi 1720 ló wọ́pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ aago kan ṣoṣo, ẹ má rò pé èkejì ti sọnù, bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn aago àtijọ́ kan nìyẹn, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní ìgbèríko.

Ní ti pákó, walnut ni ti àwọn olówó ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1700 mahogany ti gba ipò rẹ̀, oak sì ni ti ìgbèríko látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pákó pine náà wà, àmọ́ wọ́n sábà máa ń kun ún lọ́dà ni, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àpótí pine tó funfun tó ń dán láìsí ọ̀dà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti họ ọ̀dà rẹ̀ kúrò láìpẹ́.

Kì í ṣe Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ti ṣe é o. Èyí tí wọ́n ń pè ní Comtoise láti ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé, lílu lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń lu wákàtí, á lù ú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì á tún un lù fún ẹni tí kò bá kà á dáadáa níṣàájú, mo fẹ́ràn èyí gan-an. Mora ti ilẹ̀ Sweden, tí àpótí rẹ̀ sún nídìí tó yọ ikùn láàárín, sábà máa ń jẹ́ pine tí wọ́n kùn. Ní Amẹ́ríkà, Eli Terry ti Connecticut fi igi gbẹ́ wíìlì eléyín ẹ́ńjìnì dípò idẹ nígbà tí àwọn ọdún 1800 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, àmọ́ igi máa ń wú tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ẹ fi sọ́kàn tí ilé yín bá máa ń tutù.

Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú níbí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fa orí aago yọ fún yín, tó bá kọ̀, ẹ má rà á.

Tí orí bá ti kúrò, ẹ máa rí pákó kan tó dùbúlẹ̀ tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, pákó yìí á sì dùbúlẹ̀ lórí pákó méjì tó dúró lápá ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n jẹ́ ara àpótí fúnra rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí wọ́n ti pàdé yẹn. Ṣé pákó tó dúró yẹn gùn dé òkè fúnra ẹ̀ àbí wọ́n fi igi kéékèèké gbé e ga sí i, àbí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà tí ojú ibi tí wọ́n gé ṣì funfun? Tí wọ́n bá fi kún un tàbí tí wọ́n gé e, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnì mìíràn tí gíga rẹ̀ yàtọ̀ ló ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ wo pákó ìjókòó náà, ẹ ka ihò tó wà lára rẹ̀. Ihò skúrù àti ihò okùn gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnì tó wà lórí rẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá rí ihò mẹ́rin mìíràn tí kò sí ohunkóhun nínú wọn, ẹ bèèrè. Pákó ìjókòó máa ń bà jẹ́ wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, torí náà òun nìkan ò tó ẹ̀rí, àmọ́ tó bá kún àwọn yòókù, ẹ̀rí ti pé.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá orí aago padà kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn dígí rẹ̀, ẹ wo bí ojú aago ṣe jókòó sínú férémù onígi tó yí i ká. Ó yẹ kó bá a mu rẹ́gí. Tí àlàfo bá wà lápá kan tẹ́ ẹ ń rí òkùnkùn inú, tàbí tí férémù bo etí nọ́ńbà, àpótí yẹn ò mọ ojú yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn gígùn iwájú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí pákó ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún. Tí pẹ́ńdúlọ̀mù bá ti ń fì nínú àpótí kan fún igba ọdún, ó máa ń fi àpá sílẹ̀ níbì kan, ibi tí abọ́ idẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń ha pákó ẹ̀yìn nígbà tí aago bá tẹ̀, wéètì náà á ti fi ara gbo igi níbi tó máa ń gbà kọjá. Àpá yẹn dà bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ọrun, ó sì dúdú. Ẹ wò ó bóyá ó wà ní gíga kan náà pẹ̀lú abọ́ pẹ́ńdúlọ̀mù tó wà níbẹ̀ báyìí. Tí àpá bá wà lókè, tí abọ́ wà nísàlẹ̀, pẹ́ńdúlọ̀mù mìíràn ló ṣe àpá yẹn. Mo gba nǹkan yìí gbọ́ ju ohunkóhun tẹ́nì kankan lè fẹnu sọ lọ.

Ẹ wo ìdí aago náà. Ilẹ̀ tútù ti jẹ ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á wá gé e kúrò tàbí kí wọ́n kan tuntun sí i, ìdí á wá kéré jù sí ara àti orí. Ìdí tuntun tí wọ́n ṣe dáadáa ò ní kí aago má dáa, ó kàn yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí iye tẹ́ ẹ máa san lè fi hàn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún àpótí oak tó kún fún ọnà gbígbẹ́ láti òkè délẹ̀: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ àpótí lásán tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1700, tẹ́nì kan wá gbẹ́ ọnà sí ní àwọn ọdún 1800, tí ìyẹn sì ti dín iye rẹ̀ kù.

Orúkọ tó wà lójú aago wá ńkọ́? Ó lè jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó kàn tà á, pàápàá lára ojú funfun tí wọ́n ti ń ra ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Orúkọ àwọn aṣeaago ńlá London bíi Thomas Tompion, tó kú ní 1713, tàbí George Graham, owó gọbọi ni, torí ẹ̀ làwọn oníjìbìtì ṣe máa ń họ orúkọ kan kúrò kí wọ́n fi orúkọ ńlá sí i. Lára ojú onídẹ, ẹ fi àtàǹpàkò ra abẹ́ orúkọ náà jẹ́jẹ́, tí ibẹ̀ bá jìn wọnú díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, wọ́n ti ha nǹkan kúrò níbẹ̀ rí.

Aago tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnì àti àpótí pọ̀ yìí kì í ṣe ohun ìtìjú o. Àwọn kan wà tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ láti igba ọdún sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ aago tó rẹwà tó ń lọ dáadáa, tí ẹni tó ń tà á sọ òtítọ́ fún yín, tó sì dín owó rẹ̀ kù, ẹ rà á.

Ẹ́ńjìnì

Ẹ ní kó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá dé, kó má jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ tì í. Ẹ dúró títí ó fi máa lu wákàtí kan, kẹ́ ẹ ka iye tó lù. Tí ó bá lu 4 nígbà tí ọwọ́ wà lórí 7, ó lè jẹ́ irú èyí tó ń fi wíìlì ka iye lílù, òun kì í mọ ibi tí ọwọ́ wà, ó rọrùn láti tún un tò. Irú kejì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1676, ń wo ibi tí ọwọ́ wà fúnra rẹ̀, tí òun náà bá ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wò ó.

Ẹ wo ihò kéékèèké lára àwo idẹ méjèèjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ibi tí ẹnu ọ̀pá irin wíìlì kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Ihò tó ti jẹ gbòòrò tó wá rí bí ẹyin, tí ọ̀rá dúdú yí ká, owó àtúnṣe ti ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n lè fi idẹ tuntun dí i kí wọ́n tún un lu, iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ ni, ẹ kàn bèèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ atúnaagoṣe kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ wo okùn tó gbé wéètì dúró. Ti aago ọjọ́ 8, wéètì kan máa ń wúwo tó kílò 5 sí 6, tí okùn bá já, á já wọ ìdí àpótí á sì fọ́ ọ. Okùn tó ti ń tú fọ́nrán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé wéètì kankan kọ́.

Ẹ sì rí i dájú pé ẹ́ńjìnì àtijọ́ gan-an ló wà níbẹ̀, torí àpótí àtijọ́ tí wọ́n ti ki ẹ́ńjìnì oníbátìrì tàbí ẹ́ńjìnì òde òní sí wà níta. Tí òṣùpá bá ń yí lókè ojú rẹ̀, ẹ yí i fọwọ́ jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń rìn, àwo yẹn sábà máa ń ní eyín 118, òṣùpá méjì ló wà lórí ẹ̀, ọjọ́ 59 ló fi ń yí tán.

Pákó àti kòkòrò

Ihò kéékèèké tí kòkòrò gbẹ́ sára igi kì í ṣe ìṣòro tó bá ti gbó, inú rẹ̀ á dúdú. Èyí tó ṣì funfun nínú, tí ìyẹ̀fun igi sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, ẹ má gbé e wọlé pẹ̀lú àga àti tábìlì yín títí wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi èékánná kan ojú pákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ kó-kó-kó, ibi tó bá dún bí òfìfo ti ṣí nísàlẹ̀.

Ohun kan tí mo ń bẹ gbogbo èèyàn fún: ẹ má fi ohun tí wọ́n fi ń dán idẹ ra òrùka nọ́ńbà ojú aago o. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lórí idẹ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré lè họ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ríra

Lọ́wọ́ oníṣòwò tó mọ iṣẹ́, owó rẹ̀ á ga díẹ̀, àmọ́ wọ́n sábà máa ń ti tún un ṣe, wọ́n á sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Níbi gbàǹjo, ẹ lè rí i lówó pọ́ọ́kú, ẹ kàn rántí pé ilé gbàǹjo máa fi owó tiwọn kún iye tẹ́ ẹ pè, owó gbígbé àti owó àtúnṣe á sì tún tẹ̀ lé e. Ẹni yòówù kó ta á fún yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì: ọdún tí wọ́n ṣe é, bóyá ẹ́ńjìnì àti àpótí jọ wà látìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ti pààrọ̀. Ẹni tó dá lójú ò ní kọ̀ ọ́.

Gbígbé e délé àti títò ó

Ẹ má gbé e lódindi. Orí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ, lẹ́yìn náà wéètì, ẹ fi bébà lẹ̀ mọ́ wọn èyí tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì torí wọ́n lè má wúwo dọ́gba, lẹ́yìn náà pẹ́ńdúlọ̀mù, kẹ́ ẹ tó gbé ẹ́ńjìnì jáde. Spring fẹ́lẹ́ tó gbé pẹ́ńdúlọ̀mù dúró ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ tẹ́nì kan bá gbé aago kiri tòun ti pẹ́ńdúlọ̀mù.

Tó bá délé, ẹ gbé àpótí sáyè rẹ̀, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó, kẹ́ ẹ sì fi skúrù de pákó ẹ̀yìn mọ́ ògiri. Ẹ má fo èyí. Aago tí wọn ò dè mọ́ ògiri máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí wéètì bá wá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ abọ́ pẹ́ńdúlọ̀mù, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì tẹ̀ lé e, wọ́n á gba agbára rẹ̀, á sì dúró, àwọn èèyàn á máa rò pé ẹ́ńjìnì ló bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà ẹ fetí sí i. Ó gbọ́dọ̀ dún dọ́gba, kọ́, kọ̀, kọ́, kọ̀. Tó bá ń tiro, tí ẹ̀kejì ń sáré tẹ ìkíní lẹ́sẹ̀, ẹ tẹ irin tó di pẹ́ńdúlọ̀mù mú lẹ́yìn ẹ́ńjìnì sápá kan díẹ̀ kíún, ẹ tún fetí sí i, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí á fi dọ́gba.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún àkókò ṣe, iwájú ni kẹ́ ẹ máa yí ọwọ́ gígùn sí, kẹ́ ẹ sì dúró kó lu agogo tán ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ má yí i sẹ́yìn. Tó bá ń yára jù, ẹ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ pẹ́ńdúlọ̀mù kí abọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tó bá ń falẹ̀, ẹ gbé e sókè. Mìlímítà kan péré máa ń yí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 43 padà lójúmọ́, torí náà ẹ fi ọjọ́ kan wò ó kẹ́ ẹ tó tún ọwọ́ kàn án, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ máa fi sínú àpótí náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ta òróró sí i kẹ́yìn, torí bó bá ti di bí ọdún márùn-ún, ó yẹ kí atúnaagoṣe wá wò ó.